Bàtà Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Gonin Gora, Kaduna,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin, ọdún 2020.

Jádesọ́lá, Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé o sùn? Ṣé o jẹun? Mo ń bi ọ́ ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé lórí fóònù lánàá, "mo wà" nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ, ohùn rẹ sì rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń fara pamọ́. Dádì rẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Èmi tí mo bí ọ mọ ìyàtọ̀ láàárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ọmọ mi.

Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìjọba ti ti Kaduna pa. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní àdúgbò Television, wọ́n tì í. Ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tì í. Ọ̀nà Abuja tó kọjá nídìí ilé wa, tí ariwo mọ́tò ibẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn sójà nìkan ló kù síbẹ̀, wọ́n ń dá ènìyàn padà. Láàárọ̀ yìí mo jí, mi ò gbọ́ mọ́tò kankan, mo rò pé mo ti kú ni. Má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa.

Tẹ́tí sí mi. Má jáde. Tó bá di dandan kí o jáde, bo imú àti ẹnu. Máa mu omi gbígbóná, fi atalẹ̀ sí i. Dádì rẹ ń se ewé dógóyárò fún wa láràárọ̀, gbogbo ilé ló ń rùn, ó sì ń fipá mú wa mu ún. Ṣìmí àbúrò rẹ ní kí kòrónà kúkú mú òun ju kí òun tún mu ife kan lọ, mo gbá a létí. Fi fọ́tò ara rẹ ránṣẹ́ kí n rí i bóyá o ti rù. Fọ́tò tòní o, kì í ṣe èyí tí o yà nígbà Kérésì.

O mọ àdéhùn wa. Láti kékeré ni mo ti ń fi Yorùbá bá ọ sọ̀rọ̀ tí o sì ń fi Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Nígbà tí o ń lọ sí Leicester nílùú òyìnbó, mo ní kí o fi méjèèjì sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, lẹ́tà Yorùbá ni mo fẹ́. Pọ́sítọ́fíìsì ò ṣiṣẹ́ báyìí, nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí sórí ìwé, Ṣìmí yóò fi fóònù rẹ̀ yà á, yóò sì fi ránṣẹ́. Kọ tìrẹ padà kíákíá.

Ìyá Paul ń kí ọ láti Trikania. Ó ní gbàrà tí àrùn yìí bá lọ, tí o sì parí máàsítà rẹ, àwọn ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nítorí ìwọ àti ọmọ òun. Tọ́jú ara rẹ fún wa.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í sùn mọ́,
Folúṣadé.


Leicester,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin.

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Ẹ kú ìrójú ilé. Ṣé Dádì wà dáadáa? Ṣé Ṣìmí ò yọ yín lẹ́nu jù? Ẹ má bínú pé mi ò tètè dáhùn. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, màá sì tún pa á rẹ́.

Màmá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín, ẹ jọ̀ọ́, kó má kọjá àárín wa. Fọ́tò tí ẹ béèrè, mi ò lè yà á. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí ojú mi.

Yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ilé tí yunifásítì fi wá sí, ilé ìdáná kan la jọ ń lò. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́, àwọn òbí fi mọ́tò wá kó àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Íńdíà tó kù pẹ̀lú mi náà ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi nìkan ló kù. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kọ́ wa, olùkọ́ á máa sọ̀rọ̀, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ń sọ. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn máa ń ké kọjá lójú títì. Bó bá ti ké, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, èémí mi ò ní délẹ̀. Màá rò pé àrùn náà ti mú mi. Mo ti fọ ọwọ́ títí awọ rẹ̀ fi bó.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, gbogbo ènìyàn jáde sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń lu ìkòkò. Mi ò mọ̀ pé àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń yìn. Mo sá wọ abẹ́ tábìlì. Káì! Màmá, èmi ọmọ Kaduna, tí mo ti ń gbọ́ ìró ìbọn láti kékeré, mo sá fún àtẹ́wọ́. Mo wà lábẹ́ ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti wọlé.

Yunifásítì kọ̀wé sí wa pé obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Bridget. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn wọn ò balẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹni fún ẹnikẹ́ni, àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Mo fẹ́ pè é, àmọ́ mi ò fẹ́ ṣe é lẹ́yìn yín. Ẹ fún mi láyè, Màmá. Tí ẹ bá ní kí n pè é, màá pè é lónìí.

Ọmọ yín,
Jáde.


Gonin Gora,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin.

Jádesọ́lá,

Háà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo ń ka lẹ́tà rẹ, ilẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi parí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo sunkún, lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi.

Bridget wo? Ta ni bàbá Bridget? Àjèjì tí ò mọ ilé ẹni, òun ló fẹ́ máa gbọ́ ohun tó ń ṣe ọ́? Má pè é. Mo tún un sọ, má pè é o! Tí o bá pè é, wọ́n á kọ orúkọ rẹ mọ́ ti àwọn tí orí wọn dàrú, ohun tí òyìnbó bá sì ti kọ sílẹ̀, kì í parẹ́. Ṣé o ti gbàgbé bí a ṣe ń ṣe nílé wa ni? Kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ, wọ́n á ṣe ìwádìí. Wọ́n á rán ènìyàn lọ sí ìlú bàbá, wọ́n á rán ènìyàn lọ sí ìlú ìyá. Wọ́n á bi aládùúgbò: ṣé kò sí wárápá nílé yẹn? Ṣé kò sí wèrè? Nígbà tí Dádì rẹ fẹ́ fẹ́ mi, àwọn ènìyàn rẹ̀ gbéra láti Kaduna níbí, wọ́n dé Ìlá, ìlú ìyá mi àgbà, wọ́n ń bi àwọn arúgbó léèrè ọ̀rọ̀. Ìyá Paul tí o ń wò yẹn, ìwádìí tirẹ̀ ju ti ọlọ́pàá lọ. Ṣé ọwọ́ ara mi ni kí n wá fi gbé ohun tí wọn ó rí sílẹ̀ fún wọn?

Àti pé kì í ṣe àìsàn ló ń ṣe ọ́. Ẹ̀mí ìbẹ̀rù ni, Bíbélì dárúkọ rẹ̀. Gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Má jẹ, má mu, títí di ìrọ̀lẹ́. Máa ka Sáàmù kọkànléláàádọ́rùn-ún láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, sókè ketekete, kí ọ̀tá gbọ́.

Má rò pé èmi náà káwọ́ gbera. Mo ti gbé orúkọ rẹ síwájú àwọn ìyá aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa, lórí wásáàpù tí a ti ń gbàdúrà láti ìgbà tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn kí àdúrà wọn lè ba ibi tó yẹ kó bà, mo sì fi nọ́ńbà rẹ síbẹ̀ kí wọ́n lè gbàdúrà sí ọ létí. Fọkàn balẹ̀, mo kìlọ̀ fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà ò gbọdọ̀ jáde. Ìyá ọmọ ni gbogbo wa.

Ìyá rẹ,
Folúṣadé.


Leicester,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin.

Màmá,

Ẹ kú ilé.

Mo ní kó má kọjá àárín wa.

Ìyá Ìbíyínká ló kọ́kọ́ pè mí. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò rí i rí. Ó ní kí n gbé ọwọ́ lé orí ara mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹ̀mí burúkú, ó ń pariwo bí ẹni pé mo dití. Òmíràn fi ohùn ránṣẹ́ pé kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo jẹ nílé ẹni tí mi ò mọ̀. Òmíràn ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, ọmọ náà sì ti kú. Wọn ò dáwọ́ dúró, Màmá. Kí n tó gbé ọ̀kan sílẹ̀, òmíràn ti ń pè. Lánàá Paul náà pè. Ó ní, "Hábà, Jáde, Mọ́mì mi gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì yín pé orí rẹ ti dàrú, ṣé òótọ́ ni?" Mo ní rárá. Mo rẹ́rìn-ín fún un. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè dìde.

Mo gba ààwẹ̀ náà, nítorí pé ẹ ní kí n gbà á. Lọ́jọ́ kẹta mo ṣubú ní ilé ìdáná, mo sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sẹ́ni tó wọlé. Mo ń wo abẹ́ fíríìjì, mo ń rò ó pé tí mo bá wà níbẹ̀ títí oṣù fi parí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mi ò pe Bridget. Ẹ ní kí n má pè é.

Ó ti rẹ̀ mí, Màmá. Màá pa fóònù yìí nítorí pé mi ò lè gbọ́ àdúrà ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ bá mi kí Dádì, ẹ sọ fún wọn pé wọ́n gbìyànjú lórí mi, wọn ò ṣe nǹkan kan tí ò dáa sí mi. Àwọn bàtà mi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí Ṣìmí máa wọ̀ wọ́n. Ẹsẹ̀ wa ti dọ́gba báyìí.

Ẹ ṣeun, Màmá.

Jádesọ́lá.


Gonin Gora,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹrin.

Àbẹ̀ní mi,

Dá mi lóhùn. Kọ "mo wà", ó tó. Mi ò fẹ́ lẹ́tà gígùn, mi ò fẹ́ Yorùbá pàápàá. Fi Haúsá kọ ọ́, fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́.

Orí fóònù Ṣìmí ni lẹ́tà rẹ gbà wọlé, òun ló kọ́kọ́ kà á. Mo kàn rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ni, ó na fóònù sí mi. Mo ń kà á bọ̀, ibi bàtà yẹn ni mo dé tí mo figbe ta. Ta ló ń pín bàtà rẹ̀ tó bá ń bọ̀ wálé? Dádì rẹ sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó rò pé adìgunjalè ni. A pè ọ́, wọ́n ní fóònù rẹ wà ní pípa. A pè títí iná fi tán lára fóònù wa, iná mànàmáná ò sì sí.

O mọ Adédàpọ̀ bàbá rẹ, ẹni tó lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ láìsọ gbólóhùn kan. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kí Ṣìmí wá gbogbo lẹ́tà wa jáde, tìẹ àti tèmi, ó kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Folúṣadé, ọmọ ní òun fẹ́ bá obìnrin kan sọ̀rọ̀, ẹni tí kò ní sọ fẹ́nì kan. O ní rárá, nítorí ìwádìí. O wá lọ sọ ọ́ fún ogójì obìnrin." Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó jáde lọ jókòó sínú mọ́tò tí a ò lè gbé lọ síbì kankan, mo sì rí èjìká rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó ń mì.

Ojú tì mí, ọmọ mi. Àmọ́ ìtìjú kọ́ ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀rù tí kò bà mí rí láyé mi, kódà nígbà tí wọ́n ń pa ara wọn ní Kaduna yìí tí mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn sá lọ sí bárékè. Nígbà yẹn mo mọ̀ ọ́n lára pé o wà lẹ́yìn mi.

Dá mi lóhùn, Àbẹ̀ní.

Ìyá rẹ.


Gonin Gora,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin.

Jádesọ́lá,

Mo mọ̀ pé fóònù rẹ ṣì wà ní pípa. O lè má rí èyí. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé tí mo bá fi bírò yìí sílẹ̀, mi ò mọ ohun tí màá fi ọwọ́ mi ṣe.

Mo ti pe Bridget.

Ṣìmí ló wá nọ́ńbà yunifásítì yín jáde. A fẹ́ pè, kò sí owó lórí fóònù, báǹkì tí a fi ń rà á ò sì dáhùn. Mo da gèlè borí, mo jáde. Dádì rẹ ní kí n dúró, mi ò dúró. Àwọn sójà dá mi dúró lójú ọ̀nà, ọ̀kan ní kí n padà, ó na kòbókò sókè. Mo kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà. Gbogbo Haúsá tí mo ti ń bá ọ jà lé lórí, òun náà ló jáde lẹ́nu mi. Mo ń sọ pé ọmọ mi ń kú lọ, ọmọ mi wà níbi tí mi ò lè fẹsẹ̀ dé. Ó sọ kòbókò kalẹ̀. Ó ní, "Mama, tashi." Mo dìde. Ó nawọ́ sí ilé tí wọ́n ti ń ta káàdì ní kọ̀rọ̀, ó sì dúró títí mo fi jáde níbẹ̀.

Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ gbé e, ó ní kí n tẹ oókan, kí n tẹ eéjì. Owó ń lọ. Lẹ́yìn náà ọkùnrin kan gbé e, ó ní kí n dúró, ó wá fi orin sí i. Orin, Jádesọ́lá! Mo fẹ́ ya wèrè. Ìgbà tó yá ni ohùn obìnrin kan ní òun ni Bridget. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ pípẹ́, ó fò lọ pátápátá. Mo ní orúkọ mi ni Folúṣadé. Mo ní ọmọ mi nìkan ló wà nínú ilé òfìfo, ó sì ti ń pín bàtà rẹ̀. Mo rò pé kò ní yé e, mo rò pé yóò ní bàtà ńkọ́. Ó yé e. Ó ní kí n sọ nọ́ńbà yàrá rẹ.

Wọ́n ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn rẹ, èmi ni mo rán an. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. O ò ní ṣẹ̀ mí, o ò ní ṣẹ Ọlọ́run. Ṣílẹ̀kùn fún un. Mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́, ṣílẹ̀kùn.


Gonin Gora,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin.

Àbẹ̀ní,

Bridget pè wá. Ó ní wọ́n kàn, wọ́n kàn, o sì ṣí i. Ó ní o wà láàyè. Dádì rẹ dọ̀bálẹ̀ fún fóònù, gbọọrọ báyìí, nínú pálọ̀.

Mo bi í pé, ṣé ó jẹun? Ṣé ó sunkún? Kí ló sọ? Ó ní òun ò lè sọ ju ìyẹn lọ fún mi, àfi tí o bá yọ̀ǹda. Inú bí mi. Èmi tí mo bí ọmọ! Mo ti fẹ́ fi Yorùbá bú u, ìgbà náà ni mo rántí ogójì obìnrin, mo pa ẹnu mi dé.

Mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́ wásáàpù yẹn. Kí n tó kúrò, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa nọ́ńbà rẹ rẹ́. Ìyá Ìbíyínká ní mo ti di apẹ̀yìndà. Mo ní kó gbàdúrà fún mi ní ìkọ̀kọ̀.

Mi ò ní pè ọ́, Bridget ní ká fún ọ láyè. Ó ṣòro fún mi. Mo jókòó ti fóònù Ṣìmí títí ó fi ní kí n kúkú gbé e. Mo bẹ̀rù kó dún, mo bẹ̀rù kó má dún. Tí o bá ṣe tán, kọ̀wé. Tí o ò bá tíì ṣe tán, mo wà níbí.

Ìyá rẹ.


Leicester,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún.

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà.

Nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, mi ò fẹ́ ṣí i. Mo di etí mi. Obìnrin kan láti yunifásítì wá ní Folúṣadé ló rán òun. Ó pe orúkọ yín bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn ní gbogbo Leicester. Mo ṣí i.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó jìnnà sí mi, ìbòmú bò ó dé abẹ́ ojú. Kò bá mi wí. Ó bi mí bóyá mo ń rò ó láti pa ara mi. Bó ṣe bi mí gan-an nìyẹn, kò fi bò. Mo ní mi ò mọ̀, mo ní mo ṣáà fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ dákẹ́ ni. Ó ní òun gbọ́. Ẹ̀kún gbé mi, Màmá, nítorí pé ó gbọ́ lóòótọ́, kò sì sá.

Wọ́n mú mi lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ó ní àìsàn ni, pé ó ní orúkọ, pé ó sì ní ìtọ́jú. Mo ń lo oògùn. Wọ́n ti kó mi lọ sí ilé míì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ṣì wà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Kano, Raheemat, ó máa ń se tuwo, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi títí màá fi jẹ ẹ́. Mo máa ń bá Bridget sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Mi ò tíì dáa tán. Àyà mi ṣì ń já. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí mi ò lè kúrò lórí ibùsùn, ẹ̀rù á sì bà mí pé ó ti padà dé. Mo sì ń bínú sí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní Yorùbá kó lè dùn yín dáadáa: ẹ gbé ọ̀rọ̀ mi lọ sọ́jà. Bridget ní mo lè bínú sí yín kí n ṣì fẹ́ràn yín. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo ń kọ́ ọ. Mo ti ní tí ẹ bá bi í bóyá mo jẹun, kó máa dá yín lóhùn. Ìyẹn nìkan ni mo fọwọ́ sí.

Ìyá Paul ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí láti béèrè.

Jáde.


Gonin Gora,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún.

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Ó dùn mí dáadáa. O mọ Yorùbá sọ, mi ò lè jiyàn. Mo ṣẹ̀ ọ́, má bínú. Máa bínú díẹ̀ sí i tó bá wù ọ́, ìyẹn ni pé o wà.

Ìyá Paul wá. Ó wá lọ́jọ́ tí wọ́n ń yọ̀ǹda ká jáde ra oúnjẹ, ó dúró sídìí géètì, ìbòmú lójú, kò wọlé. Ó kí mi, ó kí ilé, ó kí àjàkálẹ̀ àrùn. Mo mọ ohun tó bá wá. Ó ní, "Ìyá Jáde, ìwádìí ò ní ká má béèrè. Ohun tí a gbọ́ yìí ńkọ́?" Mi ò ní purọ́ fún ọ. Irọ́ ti dé etí ahọ́n mi, ó dùn bí oyin: mo fẹ́ sọ pé ibà ni. Mo wá rántí ilé ìdáná tí o ṣubú sí.

Mo ní, "Òótọ́ ni. Ọmọ mi ṣàìsàn ọkàn. Òun nìkan wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì fẹ́ pa á. Ó wá ìrànlọ́wọ́, èmi ni mo dí i lọ́nà, mo sì tún fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sétí yín. Dókítà ń tọ́jú rẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣe ìwádìí, ẹ kọ́kọ́ wádìí èmi." Ó ní òun ti gbọ́. Ó yí padà, ó ń lọ. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á wá tàbí wọn ò ní wá. Tẹ́lẹ̀, irú nǹkan yìí ni ì bá máa bà mí lẹ́rù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù báyìí wà nínú yàrá yín. Ṣìmí ti kó àwọn bàtà rẹ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó nù wọ́n, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò wọ̀ wọ́n, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọn padà, ó ní ìwọ lo ní kí wọ́n jẹ́ tòun, òun ò sì mọ bóyá òun gbọ́dọ̀ kọ̀. Mi ò lè wọ yàrá yẹn mọ́. Mo bẹ̀ ọ́, fúnra rẹ, sọ ohun tí a ó ṣe sí wọn.

Ìyá rẹ,
Folúṣadé.


Leicester,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún.

Màmá mi,

Ẹ ṣeun fún ohun tí ẹ sọ fún Ìyá Paul. Mo ka ibẹ̀ fún Raheemat, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Haúsá, ó ní kí n bá òun kí yín.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ̀ aláìsàn ké kọjá. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mi ò wọ abẹ́ tábìlì, mo pe Raheemat, a jọ dúró títí ó fi lọ. Ẹ̀rù ṣì bà mí o, Màmá.

Ẹ sọ fún Ṣìmí pé bàtà funfun yẹn, kó fi ọ̀rá wé e dáadáa, eruku Gonin Gora máa ń bà á jẹ́. Ti pupa, okùn rẹ̀ ti já, tí wọ́n bá ṣílùú kó gbé e lọ fún àwọn tó ń rán bàtà ní Television. Kó dá gbogbo rẹ̀ padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ọ̀kankan.

Mo purọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ wa ò dọ́gba. Bàtà mi ni.

Jádesọ́lá.